Kọ́bọ́ọ̀dù Tó Ń Rìn

Lábẹ́ òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nǹkan mẹ́rin ló máa ń sọ ọkọ̀ di ilé. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007 ló kà wọ́n sílẹ̀, èyí tó rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2018 náà ò sì yí wọn padà: ìjókòó pẹ̀lú tábìlì, ibi tí èèyàn lè sùn sí, ibi ìdáná, àti ibi tí wọ́n lè kó nǹkan pamọ́ sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ kan gbogbo wọn mọ́ inú ọkọ̀ gbágbágbá. Tábìlì nìkan ni wọ́n gbà kó ṣeé yọ. Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ibi ìwẹ̀, kò sì sọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àmọ́ ó rántí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀ yín bá dáa ju ti hòtẹ́ẹ̀lì lọ, tí kọ́bọ́ọ̀dù ò bá ti sí níbẹ̀, ẹ ò tíì ní ilé lójú òfin.

Irú ọkọ̀ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní camper van. Ọkọ̀-ilé la ó máa pè é níbí. Ẹ ti rí wọn lórí Instagram àti YouTube dáadáa: ọ̀dọ́ méjì, ajá kan, òkun lẹ́yìn wọn, kọfí ń hó lórí sítóòfù kékeré. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ibi tí àṣà yìí ti wá, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn ti nǹkan bí ọdún 1960 sókè ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kun Volkswagen ní oríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ogun. Ìtàn yẹn dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kúrú. Tí a bá pa ọkọ̀ tì ná, tí a tẹ̀lé kọ́bọ́ọ̀dù, ibòmíì la máa já sí. Àwọn tó kọ́kọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ohun tó ní táyà kì í ṣe onífàájì rárá. Iṣẹ́ ló gbé àwọn kan sójú ọ̀nà. Àwọn kan ò sì ní ilé mìíràn ju ojú ọ̀nà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi ṣòro. Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní kíṣìnnì màmá yín, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kó dúró. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ti inú ọkọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ búrékì, àwọn àwo ò ní dúró, wọ́n á fẹ́ máa lọ. Bó bá yà sí kọ́nà, ìlẹ̀kùn á fẹ́ ṣí. Bó bá bọ́ sí kòtò, síkúrù á tú díẹ̀. Tí kòtò bá pé ẹgbẹ̀rún, síkúrù á jábọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù yìí ní láti di ohun inú rẹ̀ mú, kó di ara rẹ̀ mú, kó má sì wúwo jù, torí ẹṣin tàbí ẹ́ńjìnnì ló máa fà á. Síbẹ̀ náà, ó gbọ́dọ̀ yá ṣí, torí ebi ò mọ̀ pé a ò tíì débi tí à ń lọ. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà mọ wàhálà yìí dáadáa. Kíkó nǹkan pamọ́ ò le. Kéèyàn na ọwọ́ kó bá a lójú ẹsẹ̀ ló le.

Lọ́dún 1866, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ò tíì ju ọdún kan lọ tó parí. Màlúù pọ̀ ní Texas débi pé owó tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ ní New Mexico àti Colorado, wọ́n ń wá ẹran lójú méjèèjì. Charles Goodnight àti Oliver Loving kó nǹkan bíi 2,000 màlúù jọ, wọ́n mú darandaran 18 dání, wọ́n forí lé Fort Sumner ní New Mexico. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni ìrìn náà, ọjà ò sí lójú ọ̀nà, omi gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Kó tó di ìgbà yẹn, darandaran kọ̀ọ̀kan ló máa ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ sínú àpò tó so mọ́ gàárì ẹṣin. Ìyẹn ò lè gbé èèyàn débi tí Goodnight ń lọ.

Ó wá ra kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí àwọn ológun ti lò, iṣẹ́ ọwọ́ Studebaker, ilé-iṣẹ́ tó padà wá ń ṣe mọ́tò nígbà tó yá. Ó ní kí wọ́n fi igi bois d'arc tún un ṣe, igi líle tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń fi gbẹ́ ọrun wọn. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà ló kan àpótí ńlá kan mọ́, tó pín inú rẹ̀ sí yàrá kéékèèké pẹ̀lú àwọn dúrọ́ọ̀ tó ṣeé fà jáde. Ìlẹ̀kùn àpótí yìí ni ká wò dáadáa. Kò ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìsàlẹ̀ ni híńjì rẹ̀ wà. Tí wọ́n bá tú ìkọ́ rẹ̀, ńṣe ló máa sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan á yọ lábẹ́ rẹ̀, á gbé e ró, ìlẹ̀kùn á di tábìlì. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á nù ún, wọ́n á gbé e sókè padà, tábìlì á di ìlẹ̀kùn. Igi kan, iṣẹ́ méjì. Kò sí ọkọ̀-ilé kan lónìí tí kò jẹ nínú ọgbọ́n yẹn.

Ìyẹ̀fun, ẹ̀wà, kọfí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, iyọ̀, gbogbo wọn ló ní ààyè tiwọn nínú àpótí yìí. Abẹ́rẹ́ àti òwú wà níbẹ̀, abẹ ìfárùngbọ̀n wà níbẹ̀, báńdéèjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìgò ọtí líle kan tí wọ́n ní oògùn ni. (Oògùn kẹ̀?) Àgbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Lábẹ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n ta awọ màlúù bí ìgbà tí èèyàn ta àwọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ń da igi ìdáná sí bí wọ́n bá ti ń ṣa á lójú ọ̀nà; níbi tí igi ò bá sí, wọ́n á kó ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sí i. Àlejò tó bá fẹ́ rí ẹni tó ń ṣàkóso ibùdó yẹn lálẹ́, ọ̀dọ̀ alásè ni kó lọ. Darandaran kankan ò gbọdọ̀ jókòó ti tábìlì rẹ̀ jẹun, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tọwọ́ bọ àpótí rẹ̀. Òun ló máa kọ́kọ́ jí, kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú òkùnkùn birimù, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí iyọ̀ wà. Kó tó sùn, á kọ orí igi ìfà kẹ̀kẹ́ sí ìràwọ̀ àríwá, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ohun kan wà tí Goodnight kì í kó sínú àpótí yẹn. Owó ni. Bose Ikard ló ń gbé owó, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sóko ẹrú, tó di òmìnira nígbà tí ogun parí, tó sì bá Goodnight da màlúù fún ọdún mélòó kan. Èrò Goodnight ni pé olè ò ní ronú láé pé ọwọ́ ọmọ ẹrú ni owó wà. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí: ìwà ìkà tó sọ pé ọkùnrin yìí ò já mọ́ nǹkan ló tún wá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àpò owó. Nígbà tí Ikard kú lọ́dún 1929, Goodnight ló gbé òkúta sórí sàréè rẹ̀ ní Weatherford, Texas.

Ẹ jẹ́ ká fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, ká kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ní àsìkò kan náà, àwọn mìíràn ti ń ṣe irú ọgbọ́n yìí níbẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí màlúù. Àwọn Romani ni. Láti Íńdíà ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí kúrò ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1850 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n ń pè ní vardo. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí kì í ṣe Romani, bí ìdílé Dunton ní ìlú Reading, ló ń kan ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbé inú rẹ̀ ló máa sọ bí òun ṣe fẹ́ kó rí.

Tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn iwájú wọ inú vardo, apá òsì yín ni ààrò onírin máa wà. Ìdí rẹ̀ nìyí: apá òsì ni wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbẹ́ títì lápá òsì sì ni ẹ̀ka igi ti máa ń yọrí. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé ti kọjú sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, nítorí náà, apá òsì tirẹ̀ ni apá ọ̀tún kẹ̀kẹ́, ìyẹn apá àárín títì. Tí páìpù èéfín bá gba ibẹ̀ yọ, ẹ̀ka igi ò ní ṣẹ́ ẹ. Láti orí igi tó wà níta ni wọ́n ti mọ ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù inú ilé máa dúró! Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Òmíràn wà lókè ààrò gan-an, tí ooru fi ń gbẹ ohun tó bá tutù nínú rẹ̀. Ní òdìkejì, ìjókòó tó jẹ́ àpótí, àpótí onídúrọ́ọ̀, àti kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní kọ̀rọ̀, níbi tí ìyá ilé ń to àwo tánganran Crown Derby rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀dì wà ní ẹ̀yìn pátápátá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn náà, kọ́bọ́ọ̀dù ni, ó ní ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá di alẹ́, wọ́n á ṣí i, àwọn ọmọ á wọlé lọ sùn.

Níta, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n kan àpótí ìkòkò mọ́ ọn, ó fẹ́ jọ ti Goodnight. Àwa ò rò pé ẹnì kan jí ọgbọ́n ẹnì kejì. Ibi tí ìkòkò dúdú tó rùn fún èéfín lè wà láìba aṣọ jẹ́ ò pọ̀ lára kẹ̀kẹ́. Ti àwọn Romani tún ní ìdí míì: ìmọ́tótó wọn ní òfin. Abọ́ tí wọ́n fi fọ ara ò gbọdọ̀ pàdé abọ́ tí wọ́n fi fọ àwo oúnjẹ, bó ti wù kí ọṣẹ pọ̀ tó. Nínú ilé tí kò ju yàrá kan lọ, kọ́bọ́ọ̀dù ló ń bá wọn pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn wọ̀nyí ń gbé ilé rìn, tábúrà àti tánganran. Bí onílé bá sì kú, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń dáná sun vardo náà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó fà á tí èyí tó pẹ́ gan-an fi ṣọ̀wọ́n lónìí.

Ọdún 1885 ni fàájì dé. Gordon Stables, ọmọ Scotland tó ti ṣe dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, rí kẹ̀kẹ́ àwọn Romani, ó wù ú, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ Bristol Wagon Works kan tirẹ̀ fún òun. Igi mọ̀gánò ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì, ẹṣin méjì ló ń fà á. Ó sọ ọ́ ní Wanderer, ó pè é ní ọkọ̀ ojú omi orí ilẹ̀, orúkọ yẹn sì bá a mu, torí inú ọkọ̀ ojú omi ni ọgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù tí kì í da àwo nù ti pẹ́ jù: pẹpẹ tó ní etí sókè, ìlẹ̀kùn tí kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ó gbéra ní Twyford, ó rìn dé Inverness ní Scotland. Awakẹ̀kẹ́ wà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ náà wà, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ ṣáájú láti wo ọ̀nà. Ó kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1886, àwọn olówó kà á, àwọn náà fẹ́ ṣe é. Nígbà tí wọ́n dá Caravan Club sílẹ̀ lọ́dún 1907, Stables wà lára àwọn olóyè ẹgbẹ́ náà. Ohun tí wọ́n fi ń pe àwọn Romani ní alárìnkiri ni wọ́n wá ń sanwó ẹgbẹ́ lé lórí.

Ní Jámánì, ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ní oṣù keje ọdún 1936, kí eré Òlíḿpíìkì tó bẹ̀rẹ̀ ní Berlin, àwọn ọlọ́pàá kó àwọn Sinti àti Romani tó tó nǹkan bíi 600 lọ sí Marzahn, lẹ́bàá itẹ́ òkú àti ibi tí wọ́n ń da omi ẹ̀gbin sí, wọ́n sì ní ibẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1939, àṣẹ jáde pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní táyà, wọ́n ní kó dúró sójú kan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ lọ sí Auschwitz. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún Romani àti Sinti ni ìjọba Násì àti àwọn alájọṣe rẹ̀ pa ní Yúróòpù. Ọdún 1982 ni ìjọba Jámánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní gbangba pé ìpẹ̀yàrun ni.

Ìlú Wiedenbrück wà ní Jámánì kan náà. Ibẹ̀ ni Westfalia ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1844, alágbẹ̀dẹ ló dá a sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Lọ́dún 1947, oníṣòwò ọkọ̀ ará Netherlands kan, Ben Pon, ya àwòrán kékeré kan sínú ìwé pélébé rẹ̀: àpótí tó ní táyà, awakọ̀ níwájú, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1950. Inú rẹ̀ ṣófo. Nǹkan bí ọdún 1951, Westfalia bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí wọ́n ń pè ní Camping-Box: àpótí igi ńlá kan tó ń wọ ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Ó jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó jẹ́ ìjókòó, tí wọ́n bá sì tú u pa pọ̀, ó di bẹ́ẹ̀dì, tó nà dé orí ibi tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Àṣírí rẹ̀ ni pé ó ṣeé gbé jáde. Ogun ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di aláìní nígbà yẹn, ẹni tó lówó mọ́tò méjì ò pọ̀. Láti Ajé dé Ẹtì, ẹni tó ń ta bẹ́líìtì, tó ń kun ilé, á fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á gbé àpótí wọlé, á kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí etí odò. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n tún rò nígbà tí wọ́n ń kan án.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó orí ló kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí mọ́tò tuntun nígbà náà wúwo, àmọ́ ọkọ̀-ilé tí wọ́n bá ti kan ohun èlò ilé mọ́ nínú kì í san án. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wá ríṣẹ́. J. P. White ní Sidmouth bẹ̀rẹ̀ ní 1956 pẹ̀lú èyí tí wọ́n sọ ní Devon. Ó ku wàhálà kan: ọlọ́pàá ṣì ń ka irú ọkọ̀ yìí sí ọkọ̀ ọjà, kò sì gbọdọ̀ sáré ju 30 máìlì ní wákàtí kan lọ. Wọ́n ní ẹni kan tó ń kan ọkọ̀-ilé, Peter Pitt, mọ̀ọ́mọ̀ wa tirẹ̀ wọ Windsor Great Park, níbi tí ọkọ̀ ọjà ò gbọdọ̀ wọ̀, kí wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n gbé e lọ. Ó jàre. A fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Kọ́bọ́ọ̀dù ti wọlé báyìí. Báwo lèèyàn ṣe ń lò ó? Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni, kó má jìnnà sí táyà. Ìkòkò irin tí ẹ bá tò sókè máa jẹ́ kí ọkọ̀ máa fì ní kọ́nà. Dúrọ́ọ̀ tó bá ń ṣí sí apá iwájú ọkọ̀, búrékì àkọ́kọ́ ló máa fà á jáde, àyàfi tí ìkọ́ rẹ̀ bá le. Ìdí nìyẹn tí ìkọ́ tó kàn ń lo mágínẹ́ẹ̀tì, tó dáa nínú ilé, ò fi níyì nínú ọkọ̀. Èyí tí èèyàn ní láti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kó tó ṣí ni wọ́n wá gbà. Pílàwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló rọ́pò mọ̀gánò Stables. Láísẹ́ǹsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní ní Yúróòpù ò jẹ́ kí wọ́n wa ọkọ̀ tó ju kílógíráàmù 3,500 lọ, kọ́bọ́ọ̀dù àti ohun inú rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà.

Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sí ní ìsàlẹ̀. Ti gáàsì ni. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ; tó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rá lọ, bí omi. Tí ihò bá wà nísàlẹ̀, á gba ibẹ̀ jáde sábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ alòkù tó wá rí ihò yẹn, tó rò pé eku ló ṣe é, tó fi aṣọ dí i, ó ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ohun tó ń pa kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ̀ jù ò sì ju méjì lọ: gbígbọ̀n àti omi. Ti gbígbọ̀n, síkúrù ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Ihò rẹ̀ á gbòòrò, ẹ á máa yí i, kò ní mú mọ́. Ẹ má fi síkúrù tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀, ó lè la igi. Ẹ fi gúlù ra igi ìṣáná méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kì í bọ ihò náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó dá síkúrù àtijọ́ padà. Káfíńtà àdúgbò yín náà mọ ọgbọ́n yìí. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi àbẹ́là ra ojú ọ̀nà rẹ̀, ọwọ́ kan péré á máa tì í. Ti omi burú jù, torí kì í ṣe òjò nìkan. Èémí àwa èèyàn ni. Ẹni méjì tó sùn nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, nígbà òtútù, omi á máa ṣẹ́ jọ sára páànù tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ní gbogbo òru, níbi tí ojú ò tó. Ẹ̀yìn igi á bu, pílàwúùdù á wú, ìlẹ̀kùn ò ní padé mọ́. Ìtọ́jú rẹ̀ ò náni ní kọ́bọ̀: bí ẹ bá ti páàkì, ẹ ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ gbayawu, kí afẹ́fẹ́ lè rìn. Ó dà bíi pé olè ti wọ ibẹ̀, àmọ́ ó máa pẹ́.

Ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tuntun kan tó kan England àti Wales. Ẹni tó bá ń gbé, tàbí tó fẹ́ máa gbé, lórí ilẹ̀ onílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ láìgba àṣẹ, tí wọ́n bá ní ó ń fa ìpalára tàbí ìdíwọ́ ńlá, tó sì kọ̀ láti kúrò, ó ti ṣẹ̀ sófin. Ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó lè san tó 2,500 pọ́n-ùn. Ọlọ́pàá sì lè gba ọkọ̀ náà lọ, tòun ti bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti kọ́bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Kò sí ibi tí òfin yẹn ti dárúkọ Romani, àmọ́ gbogbo èèyàn mọ ẹni tó ń bá wí, torí àyè tí ìjọba ìbílẹ̀ fi sílẹ̀ fún wọn láti páàkì ò tó wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ní London sọ pé apá kan òfin náà, èyí tó ní kí ẹni tí wọ́n bá lé má padà síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún tí òfin yẹn jáde kan náà, ẹ ṣì lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀, kẹ́ ẹ ra ọkọ̀-ilé olówó ńlá, kí wọ́n bá yín yà á ní fọ́tò.

Ọkọ̀ Ben Pon yìí, àwa ọmọ Èkó mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí a fún un la fi mọ̀ ọ́n: danfo. Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, lọ́dún 1975. Ọ̀pọ̀ danfo sì dé láti Yúróòpù bíi tòkunbọ̀, òmíràn nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ ẹrù tí kò ní fèrèsé, kí àwọn wẹ́dà wa tó gé ihò sí i lára. Inú tó ṣófo kan náà ni wọ́n fún wa. Àwọn ará Wiedenbrück wo inú yẹn, wọ́n rí kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì. Àwa wò ó, a rí ìlà ìjókòó, ẹni mẹ́rin-mẹ́rin lórí irin tí wọ́n wẹ́dì mọ́lẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Èèyàn tó fẹ́ dé Ọ̀ṣòdì kí aago mẹ́jọ tó lù pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ lọ sùn sétí òkun lọ.

Àmọ́ tó bá di nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, tí ọkọ̀ ò rí èrò mọ́, ẹ lọ wo gáréèjì. Awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́ mélòó kan ò lọ sílé. Ilé jìnnà, owó mọ́tò wọ́n, wọ́n sì ní láti tò síwájú kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn danfo, wọ́n á nà gbalaja sórí ìjókòó, ẹsẹ̀ á yọ jáde lójú fèrèsé. Ẹ jẹ́ ká fi òfin Yúróòpù wọ̀n ọ́n. Ìjókòó wà, tábìlì ò sí. Ibi sísùn wà, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Ibi ìdáná ò sí. Ìyá oníbọ́ọ̀lì wà ní ìta. Ti kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, tówẹ̀lì àti ṣẹ́ẹ̀tì kan tó mọ́ wà nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n tì í sábẹ́ ìjókòó awakọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì àti sípánà.